Ọjà Ìwé Ọdún 2026: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹtàwé Aládàádúró

Láti ìgbà tí a ti ṣèlérí pé ojú ewé yìí yóò dá àwọn tí wọ́n ní ìsọ̀ ìwé tiwọn lóhùn ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìbàdàn títí dé London. Ohun kan náà ni ó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kàn: ọdún tuntun dé, àpèjọ pọ̀, ìròyìn pọ̀, owó ni kò pọ̀, ibo wá ni kí òǹtàwé tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn gbé ẹsẹ̀ sí? Mo ti ta ìwé fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún kí n tó gba ojú ewé yìí, n ó sì dáhùn bí ẹni tí ó ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ṣí ìsọ̀ ìwé kékeré kan ní àdúgbò Mọ́kọ́lá. Ìwé ọmọdé àti ìtàn àròsọ ni mo ń tà jù. Mo ń gbọ́ nípa ìpàtẹ ìwé àti àjọ̀dún ìwé lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò lè ká gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n lọ, èwo ni kí n fojú fò? — Òǹtàwé obìnrin kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú orí-ire ìsọ̀ tuntun o. Kí ẹ tó ṣí kàlẹ́ńdà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ lọ rà ni tàbí ẹ fẹ́ lọ tà, nítorí pé oríṣi méjì ni àpèjọ ìwé, wọn kò sì jọ ara wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni a tẹ́ sílẹ̀ níbi méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn oníṣòwò, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wétà ti ń fi ìwé wọn han àwọn òǹtàwé, àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń bójú tó ilé ìkàwé. Èkejì jẹ́ ti àwọn òǹkàwé, níbi tí èrò ti ń wá gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé, tí wọn yóò sì ra ìwé kan tàbí méjì lọ sílé.

Nínú ti àwọn oníṣòwò, èyí tí ó yẹ kí ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́ dè ni Ìpàtẹ Ìwé Àgbáyé ti Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 2002, tí wọ́n sì máa ń ṣe ní Èkó nínú oṣù Karùn-ún. Àkókò náà bá iṣẹ́ wa mu gan-an, nítorí pé oṣù mẹ́rin ni ó fi ṣáájú oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ilé-ìwé ń wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, ohun tí ẹ bá sì bá atẹ̀wétà sọ níbẹ̀ lórí ẹ̀dínwó àti lórí ìwé àgbàtà, ìyẹn ìwé tí a gbà tà tí a sì lè dá èyí tí ó ṣẹ́kù padà, yóò ti fìdí múlẹ̀ kí àwọn òbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àkọsílẹ̀ ìwé ọmọ wọn wá sí ìsọ̀. Ẹ má ṣe sanwó àyè ìpàtẹ níbẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí olùrà, ẹ kó káàdì ìsọ̀ yín dání, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ń bójú tó títà ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ jìnnà sí yín rárá: Jẹ́ríkò ni University Press àti HEBN wà, Fẹ́lẹ́lẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ Oníbọnòjé wà. Mo mọ òǹtàwé Ìbàdàn tí ó máa ń lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Èkó lọ́jọ́ ìpàtẹ, tí kò sì tíì gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn wọlé rí ní Jẹ́ríkò. Ẹ lọ kí wọn kí oṣù Karùn-ún tó dé.

Nínú ti àwọn òǹkàwé, méjì ni ó lórúkọ jù lọ́dọ̀ wa. Àjọ̀dún Ìwé àti Iṣẹ́ Ọnà Èkó, tí ẹgbẹ́ CORA ti ń ṣe láti ọdún 1999, máa ń wáyé nínú oṣù Kọkànlá ní Freedom Park ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà nígbà kan rí. Èkejì ni Àjọ̀dún Aké, tí Lola Shoneyin dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2013, tí ó sì kó wá sí Èkó ní 2018. Òpin ọdún ni òun náà máa ń bọ́ sí. Ẹ kàn sí àwọn tí ó ń ṣètò wọn kí oṣù Keje tó parí, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín àyè fún òǹtàwé àti iye tí ó jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró di oṣù Kẹwàá yóò bá àyè náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó na owó. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé ₦5,000 ni ìwé yín, tí atẹ̀wétà sì fún yín ní ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún: ₦1,500 ni ó kù sí yín lọ́wọ́ lórí ẹ̀dà kan. Bí àyè ìpàtẹ bá jẹ́ ₦150,000, tí ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ sì jẹ́ ₦60,000, ẹ ní láti ta ẹ̀dà 140 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀ gba àyè kan, ìpín yín nínú rẹ̀ di ₦50,000, iye tí ẹ ní láti tà sì wálẹ̀ sí ẹ̀dà 74. Ẹ̀dà 74 ṣeé ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀dà 140 le púpọ̀ fún ìsọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Ní ìgbà kan, èmi náà kó páálí ìwé méje lọ sí ìpàtẹ kan tí n kò ní dárúkọ, láìṣe irú ìṣirò yìí, láìsì béèrè irú èrò tí ń wá síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìtàn àròsọ àwọn àgbà ni mo sì kó lọ. Páálí mẹ́fà àti ìlàjì ni mo gbé padà wá sílé, owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sì jẹ́ owó tí mo yá. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹni tí yóò kà á. Títí di òní, kí n tó sanwó páálí kan, mo gbọ́dọ̀ lè ka orúkọ ènìyàn márùn-ún tí mo mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ ìwé inú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣì kù tí kò ní ná yín ní owó ọkọ̀ rárá, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin. Láti ọdún 1995 ni UNESCO ti ya á sọ́tọ̀ fún ìwé àti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ọjọ́ náà gan-an ni ìlú kan máa ń gba oyè Olú-ìlú Ìwé Àgbáyé: Port Harcourt gbà á ní ọdún 2014, Accra gbà á ní 2023, Rio de Janeiro gbà á ní 2025, Rabat ní orílẹ̀-èdè Mòrókò sì ni ó kàn lọ́dún yìí. Ẹ tẹ́ ẹní síwájú ìsọ̀ yín ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ náà, ẹ pe ilé-ìwé méjì tí ó súnmọ́ yín, kí olùkọ́ kan ka ìtàn sí àwọn ọmọ létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé pélébé kan lọ sílé, tí orúkọ ìsọ̀ yín àti ti ìwé mẹ́ta wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú iye owó wọn. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọn yóò rà. Ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ óò rí àwọn ìyá wọn.

Ìbéèrè: Ìwé lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì kún inú ìsọ̀ mi, ó sì lé ní igba ẹ̀dà. Wọ́n ní àwọn ìwé ti yí padà. Kí ni kí n ṣe sí i? Yàtọ̀ sí èyí, ọkùnrin kan wá fi àwọn ìwé tuntun náà lọ̀ mí ní ìlàjì iye tí atẹ̀wétà ń tà á. Ṣé kí n gbà á? — Òǹtàwé kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn: ẹ má ṣe gbà á. Ìwé tí ẹni tí ń rìn kiri ń tà ní ìlàjì iye tí ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ ń tà á, ayédèrú ni. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn, èyí tí a ń pè ní òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ sì buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tẹ ayédèrú nìkan. Ó mú ẹni tí ó tẹ́ ẹ síta fún títà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ìsọ̀ yín, rìsíìtì atẹ̀wétà nìkan ni ó lè gbè yín, ọkùnrin yẹn kò sì ní fún yín ní ọ̀kan. Ìpalára kejì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí: ọmọ tí ojú ewé bá já dànù nínú ìwé tirẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní dárúkọ ọkùnrin náà fún ìyá rẹ̀, orúkọ ìsọ̀ yín ni yóò dá.

Ní ti àwọn ìwé àtijọ́, òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn ìwé náà fi ń yí. Ti ọdún 2021 sí 2025 ti parí, ìdánwò ọdún yìí ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ti 2026 sí 2030. Ẹ pín igba ẹ̀dà náà sí ọ̀nà méjì lónìí. Àwọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ńlá tí àwọn ènìyàn ń kà yálà ìdánwò wà tàbí kò sí, ẹ yọ wọ́n kúrò láàárín ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ tò wọ́n sí àárín ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì yóò máa rà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó kù, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn atẹ̀wétà, kí ẹ béèrè bóyá wọn yóò gbà á padà ní pàṣípààrọ̀ fún ìwé tuntun. Àwọn kan yóò kọ̀, àwọn kan yóò gba apá kan, ẹni tí kò béèrè ni kò ní rí ohunkóhun gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ta ìyókù ní owó pọ́ọ́kú, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn pé kì í ṣe ti ìdánwò ọdún yìí. Àwọn tí ń dá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò láìsí ní ilé-ìwé ni ó máa ń ṣi irú ìwé bẹ́ẹ̀ rà, owó ọwọ́ wọn kì í sì í pọ̀.

Ẹ kọ ọdún 2030 sí ara ògiri pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2029 ni kí ẹ ti máa dín iye tí ẹ ń rà kù.

Ìbéèrè: Ìwé Yorùbá ni ìdajì ọjà mi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, mo ya owó láti ra ìwé kíkà Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé ìlànà náà báyìí. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni? — Bàbá òǹtàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ má kó o dànù, bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì ní fi pamọ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé a ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a óò máa fi kọ́ni. Ọdún mẹ́ta péré ni ìlànà náà lò. Kò pẹ́ tó láti tẹ ìwé ìṣirò àti ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá kí wọ́n sì dé ọwọ́ àwọn olùkọ́, síbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC àti JAMB ni mínísítà fi ṣe ẹ̀rí pé ìlànà náà kò ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ohun tí a fagi lé ni fífi Yorùbá kọ́ àwọn iṣẹ́ yòókù. Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí a ń kọ́ ní kíláàsì, tí a sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀, kò sí lára rẹ̀. Ní Èkó, òfin ìpínlẹ̀ tí gómìnà buwọ́ lù ní ọdún 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ìwé, ìkéde Àbújá kò sì pa òfin náà rẹ́. Ìwé kíkà, ìwé àlọ́, ìwé álífábẹ́ẹ̀tì àti ìwé àṣà tí ẹ rà kò tíì di òkú ọjà. Èyí tí ó wà nínú ewu ni ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì tí a kọ ní Yorùbá, bí ẹ bá ní irú rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ sáré bá atẹ̀wétà sọ.

Ẹ sì wo ibi tí ẹ wà. Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1859, kò sì sí àṣẹ mínísítà kankan lẹ́yìn àwọn tí ó kọ́kọ́ ń rà á. Lónìí, àwọn òbí tí ó ń ra ìwé àlọ́ fún ọmọ kì í wo ìlànà ìjọba. Wọ́n ń rà á nítorí pé ọmọ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá àgbà lóhùn, tí ojú sì ń tì wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn ni oníbàárà yín, ojú yín ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé, àti ní ìgbà Kérésìmesì tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń wálé. Ẹ di ìwé mẹ́ta mẹ́ta pọ̀ sínú àpò kan fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ kọ iye owó rẹ̀ síta gbangba. Àlejò tí ó ní ọjọ́ méjì péré nílùú kò ní àyè láti máa ṣa ìwé.

Ìbéèrè: Kí ni kí n sọ fún oníbàárà tí ó ní olè ni mí, nítorí pé ìwé tí mo tà fún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti di ìlọ́po mẹ́ta? Ṣé VAT ni? — Òǹtàwé kan, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Kì í ṣe VAT, nítorí pé òfin kò bù ú lé ìwé ẹ̀kọ́. Bébà ni. Òkè òkun ni a ti ń ra bébà tí a fi ń tẹ ìwé, dọ́là sì ni a fi ń rà á. Kí a tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báǹkì. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ sí Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n kò sí bébà ìwé tí ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà yín bẹ́ẹ̀, láìbínú, kí ẹ sì fi iye tí atẹ̀wétà kọ sí rìsíìtì yín hàn án bí ó bá yẹ. Mo ti rí i tí ìbínú rọ̀ nítorí rìsíìtì.

Ìbéèrè: Peckham ni mo wà. Ìwé Yorùbá fún ọmọdé ni mo ń tà ní ọjà Sátidé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ètò kankan wà fún irú wa ní Britain lọ́dún yìí, àbí ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá nìkan ni? — Ọmọ Yorùbá kan, London

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì pọ̀. Ìjọba Britain ti ya ọdún 2026 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọdún Ìwé Kíkà, nítorí náà àwọn ilé-ìwé àti ilé ìkàwé àdúgbò yín yóò máa wá ẹni tí yóò wá ka ìtàn fún ọmọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ìpàtẹ Ìwé London ti ọjọ́ 10 sí 12 oṣù Kẹta, tí ó jẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní Olympia kí ó tó kó lọ sí ExCeL ní 2027, jẹ́ ti àwọn tí ń ra ẹ̀tọ́ ìtẹ̀wé. Ẹ lè fo ìyẹn. Oṣù Kẹfà ni tiyín. Nígbà náà ni Ọ̀sẹ̀ Àwọn Ilé Ìtàwé Aládàádúró, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2006, máa ń wáyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn òǹtàwé ibẹ̀ bí ẹni tí kò ní ju tábìlì ọjà lọ ṣe lè kópa, tàbí kí ẹ bá ilé ìtàwé kan tí ó súnmọ́ yín sọ̀rọ̀ pé kí ẹ ka àlọ́ níbẹ̀ ní Sátidé kan, kí ẹ̀yin àti wọn sì jọ pín èrè ìwé tí ẹ bá tà.

Àwọn òǹtàwé ibẹ̀ mọ ohun tí ojú ń rí. Ní ọdún 2016, 867 péré ni iye ilé ìtàwé aládàádúró tí ó kù nínú ẹgbẹ́ wọn ní Britain àti Ireland. Ní ìparí 2022, wọ́n ti di 1,072. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ọjọ́ tiwọn, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹrin, tí ó bọ́ sí ọjọ́ 25 lọ́dún yìí. California ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tí ó sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé àwọn atẹ̀wétà ń ṣe àwọn nǹkan kan tí a kò lè rí rà níbòmíràn àfi nínú ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí àwọn atẹ̀wétà Ìbàdàn bá lè ṣe irú rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, n kò ní béèrè ẹ̀dínwó mìíràn lọ́wọ́ wọn.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Bookshop.org, ọjà ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń bá àwọn ilé ìtàwé aládàádúró pín èrè, wọ Britain ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ó sì ń fún ilé ìtàwé tí ó ní ojú ewé níbẹ̀ ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a kọ sára ìwé tí a bá tà nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Gardners, tí ń ta ìwé lósùnwọ̀n fún àwọn òǹtàwé, ni ìwé ibẹ̀ ti ń wá. Ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ Gardners kò lè gba ibẹ̀ dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ fi ojú ewé náà ta ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Yorùbá kọ, kí ẹ sì fi tábìlì Sátidé yín ta èyí tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n ti lè rí i.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Finsbury Park, ní ilé ìtàwé New Beacon, tí John La Rose àti Sarah White dá sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ó pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún yìí. Ní ìparí 2021, àwọn tí ó ni ín kéde pé àwọn yóò ti ilẹ̀kùn. Àwọn òǹkàwé ni ó dá owó jọ tí ìsọ̀ náà fi wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ ohun tí wọ́n ń gbèrò fún ayẹyẹ náà, kí ẹ sì mú ìwé álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá méjì dání nígbà tí ẹ bá ń lọ.